Ọjọ́ Mẹ́rin Nínú Ọkọ̀ Alórùlé

Ó ti rẹ̀ mí kí a tó kúrò ní Ìgbókọ̀dá rárá. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ilé ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsinmi ni, ohun tí mo sì fẹ́ fi ìsinmi náà ṣe kò ju kí n sùn títí oòrùn yóò fi wọlé bá mi lórí ibùsùn. Dípò oorun, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà lẹ́yìn ilé ìyá mi, tí mo ń fi òwú àti ọ̀dà dí ihò ara ọkọ̀ tí ó dàgbà jù mí lọ.

Ọkọ̀ bàbá ìyá mi ni. Ó gùn, wọ́n fi ewé ọ̀gọ̀rọ̀ ṣe òrùlé sí i láàárín kí ènìyàn lè dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ààrò amọ̀ sì wà ní ìdí rẹ̀ fún oúnjẹ sísè. Inú rẹ̀ ni bàbá náà ti ń ta ẹní àti ẹja gbígbẹ láti odò dé odò, tòun taya tọmọ, tí wọ́n á lò tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó padà sílé. Inú rẹ̀ ni ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti kọ́ ìrìn. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, adìyẹ ìyá mi ni ó ń gbé inú rẹ̀, wọn kò sì fi inú dídùn kó jáde fún mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí ni ó kó wa sí wàhálà náà. Araromi ni ó ń gbé, nínú ilé tí bàbá wọn kọ́, òun nìkan láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ènìyàn á rìn títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó kí ó tó ti ẹ̀yìnkùlé ilé náà dé etí òkun. Òkun jẹ ọ̀nà náà. Ó jẹ ìlà ilé àkọ́kọ́, ó jẹ ìkejì, ó jẹ ilé ìjọsìn tí ó wà lẹ́yìn wọn, wàyí o, ilé wọn ni ó kàn. Àwọn aládùúgbò pè wá lórí fóònù pé oṣù ń kún lọ, pé bí omi bá fi lè ru sókè bí ó ti máa ń ru nígbà òṣùpá, ilé náà kò ní dúró. Ó kù bí ọjọ́ márùn-ún.

Mo pe ìyá àgbà náà. Mo ní kí ó múra, pé n ó wọ fláyìn wá mú un. Fláyìn ni a ń pe àwọn ọkọ̀ asáré tí ń gbé èrò níhìn-ín. Bí o bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, o ti dé, o ti padà kí oòrùn tó rọlẹ̀.

“Nínú fláyìn, àpò kan ni án gbà,” ni ó dá mi lóhùn. “Ayé mi éè wọ àpò kan. Ẹ gbé ọkọ̀ aba wa wá. Kí àbúrò mi fi ojú ara rẹ̀ rí ulí aba wa kó tó lọ, kí a wá jọ kó ẹrù mi. Bí éè bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo wà níbí.”

Ó pa fóònù. Ulí aba, ilé bàbá wọn, ni ó ní kí àbúrò òun wá rí. Mo sọ fún ìyá mi, mo rò pé yóò bá mi bínú sí i. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó dìde, ó lọ wo ọkọ̀ tí àwọn adìyẹ ń gbé.

“Mo fẹ́ rí i lórí ìdúró,” ni ó wí. “Ibẹ̀ ni án bí mi sí.”

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní kí á wọ fláyìn lọ, kí á wo ilé náà dáadáa, lẹ́yìn náà kí á wá ọ̀nà mìíràn fún ẹrù. Ó rán mi létí ẹ̀yìn rẹ̀. Lóòótọ́, ìgbà tí ó wọ fláyìn kẹ́yìn, bí ọkọ̀ náà ti ń fò lórí omi tí ó sì ń já lulẹ̀ gbì, ọjọ́ mẹ́ta ni kò lè dìde láìsí ẹni tí yóò gbé e. Mo yá ẹ́ńjìnnì kékeré kan lọ́wọ́ aládùúgbò. Àtúnṣe gba ọjọ́ kan, ìrìn yóò gba mẹ́ta, ọjọ́ kan yóò sì ṣẹ́ kù. Mo ṣe ìṣirò yẹn bí mo ti ń ṣe é fún kíláàsì kẹrin, ó sì jáde láìkù síbì kan.

Ohun tí n kò fi sínú ìṣirò ni ẹnu àwọn ènìyàn. Kò sí ẹni tí ń pe ọkọ̀ asáré láti orí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Ta ni yóò dá a lóhùn? Ṣùgbọ́n ọkọ̀ alórùlé, gbogbo ayé mọ̀ pé ààrò wà nínú rẹ̀, ẹní wà nínú rẹ̀, kò sí ohun tí ń lé ọ. Bí o bá kọjá èbúté ará ilé rẹ láì yà, wọ́n á ní òkú ni o gbé, tàbí pé o ní ìjà nínú. Gbogbo odò tí a gbà ni ìyá mi sì ní ará ilé sí.

“Iye, ọkọ̀ yìí mà tún ń rìn o!” Obìnrin kan tí ń sá edé lórí pákó ilé rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kígbe; Iye ni a ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. A kò tí ì rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ní kí n dín ẹ́ńjìnnì kù. Wọ́n bi ara wọn léèrè ọmọ, léèrè ọmọ ọmọ, léèrè orúnkún. Obìnrin náà ju edé ẹ̀kún ọwọ́ méjì sínú ọkọ̀ wa. Kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹlòmíràn ti ké sí wa.

Ní Òde Ugbò a sọ̀kalẹ̀ pátápátá. Ọ̀rẹ́ ìyá mi àtijọ́ kan ti rí wa lókèèrè, ó ti gbé ìkòkò kaná kí a tó so ọkọ̀. A jẹ púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwa, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù. Oúnjẹ náà dùn, n kò lè purọ́, ṣùgbọ́n mo ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà.

“Iye, a ń sáré o,” mo sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́.

“Ta ló ń sáré?” Ìyá mi kò tilẹ̀ wojú mi. “Bí a bá ń sáré, ṣebí fláyìn ni à bá wọ̀.”

Àwọn fláyìn náà kò jẹ́ kí n gbàgbé wọn. Bí ọ̀kan bá ti ń bọ̀, mo ní láti yí imú ọkọ̀ wa kọjú sí ìgbì rẹ̀, kí n di àjẹ̀ mú, kí ìyá mi di igi òrùlé mú. Yóò kọjá fààà, àwọn èrò inú rẹ̀ á yíjú wò wá, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì wá síwá sẹ́yìn. Nígbà mìíràn koríko orí omi á dí ọ̀nà tóóró pa, n ó pa ẹ́ńjìnnì, n ó mú ọ̀pá, n ó máa tì í díẹ̀díẹ̀. Apá mi di igi. Ẹ̀yìn ọrùn mi bó. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa ṣú, n kò sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí gbogbo ohun tí ó wà lẹ́nu mi kò ṣeé sọ sí ìyá ẹni.

Abúlé kékeré kan ni a so sí ní ìrọ̀lẹ́ náà, ní ẹnu ilé ìdílé Mùsùlùmí kan tí wọ́n ń ta epo ẹ́ńjìnnì àti iyọ̀ fún àwọn apẹja. Wọ́n gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Omi kún bámúbámú nígbà tí a dé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹsẹ̀ pákó ilé wọn. Mo mú okùn iwájú ọkọ̀, mo wé e mọ́ òpó, mo fà á títí imú ọkọ̀ fi kan igi, mo ta á ní kókó mẹ́ta. Fláyìn méjì ló ti fi ìgbì gbá wa lu òpó ní ọ̀sán, mo sì pinnu pé ọkọ̀ yìí kò ní mì mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo wọ abẹ́ òrùlé, mo sùn bí òkúta.

Ẹni tí kò bá gbé lórí omi rí lè máà mọ ohun tí mo ṣe. Ọmọ tí kò tí ì lè wẹ̀ mọ̀ ọ́n níhìn-ín: bí omi bá kún, fi okùn sílẹ̀ gígùn, nítorí omi tí ó wá yóò lọ, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ bá a sọ̀kalẹ̀. Ìyá mi kọ́ mi kí ó tó kọ́ mi ní A, B, D. Ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ni mo ti ń wọ ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ń so fún mi. Ọwọ́ mi ti gbàgbé, orí mi sì ti rẹ̀ jù láti rán an létí.

Igbe bàbá onílé ni ó jí wa. Ó jáde láti ṣe àlùwàlá ìrun àárọ̀, ni ó rí wa. “Ẹ dìde o! Ọkọ̀ yín ti so rọ̀!” Kí n tó mọ ibi tí mo wà, mo ti yọ̀ wá sí ìdí ọkọ̀, ìyá mi ń bẹ lórí mi, ìkòkò ń bẹ lórí àwa méjèèjì. Omi ti fà lọ. Imú ọkọ̀ wa so rọ̀ lára òpó lórí okùn mi oníkókó mẹ́ta, ìdí rẹ̀ sì ti rì. Bàbá náà wọ inú omi pẹ̀lú aṣọ lára, ó fi àdá gé okùn náà. Ọkọ̀ já lulẹ̀ sínú omi àti ẹrẹ̀, gbàgà.

Ààrò amọ̀ fọ́ sí mẹ́rin. Púpurú tí a kó dání di ẹ̀kọ. Ẹ́ńjìnnì mu omi yó. Ìgbọ̀nwọ́ ìyá mi bó, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò wò ó. Ìdajì okùn tí ó kù lára òpó ni ó ń wò.

“Ọma mi,” ni ó wí, “wo so ó kúrú.”

Pé mo so ó kúrú, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọjọ́ kẹta lọ. Bàbá náà kírun rẹ̀ tán, ó padà wá, ó tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, ó sá gbogbo rẹ̀ sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Ìyàwó rẹ̀ gbé ògì gbígbóná àti àkàrà wá, ó fi òróró pa ìgbọ̀nwọ́ ìyá mi. Ní ọ̀sán, fláyìn kan yà láti ra epo, ó ń lọ sí Araromi. Mo sáré tọ ìyá mi lọ.

“Iye, ẹ jẹ́ kí n bá wọn lọ. N ó mú Iye Àgbà kúrò níbẹ̀, ẹ̀yin á dúró níhìn-ín.”

“Kí n jókòó síbí,” ni ó dáhùn, “kí wo lọ bá mi rí ulí aba mi?”

Fláyìn náà lọ. Mo jókòó sórí pákó pẹ̀lú ẹyọ irin ẹ́ńjìnnì níwájú mi, mo sì sunkún, èmi tí mo ti pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà fi máa wúkọ́ tí ó sì sọ̀rọ̀, omi ti fà tán, ọ̀nà tóóró tí ó wà níwájú ti di ẹrẹ̀. A ní láti dúró de omi mìíràn.

Ọjọ́ kẹrin ni a dé Araromi, ní ọ̀sán gangan, láti ìhà odò. Mo rí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kí a tó dé èbúté. Orí àpótí ni ó jókòó sí lábẹ́ igi àgbọn, àwọn ẹrù rẹ̀ yí i ká: ẹní tí a ká, ìkòkò, ẹ̀rọ ìránṣọ, àwọ̀n tí ó jẹ́ ti ọkọ rẹ̀, àga méjì. Àwọn aládùúgbò ni ó bá a kó o dé ibẹ̀. Ìyá mi sọ̀kalẹ̀ sínú omi kí n tó so ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ulí ńkọ́?”

“Àná,” ni ìyá àgbà wí. “Ní ìrọ̀lẹ́.”

Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n gba orí iyanrìn kọjá sí ìhà òkun, mo tẹ̀lé wọn. Kò jìnnà. Ohun tí ó kù ni àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé, mẹ́ta péré, tí kò lọ síbì kankan mọ́. Òkun ń wọlé, ó ń jáde, ó ń fi ìfófó pa ojú àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ rẹ́, kò tilẹ̀ jọ pé ó bínú. Ìyá mi gun àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dúró lókè, ó wo iwájú. Ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé kí ló dá wa dúró. Òun ti ń retí wa láti ìjẹta, àná ni òun sì ti wẹ̀, tí òun gbá gbogbo yàrá, tí òun ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ kí àbúrò òun lè rí inú rẹ̀ dáadáa.

“Àwọn èèyàn ń pè wá lọ́nà,” ni ìyá mi wí. “Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà ibẹ̀ rí.”

Ó fi mí pamọ́. Ojú tì mí ju bí mo ti lè kọ ọ́ lọ. Mo ní, “Èmi ni, Iye Àgbà. Mo so okùn kúrú.”

Ó yíjú sí mi. “Ní omi kíkún?”

“Ní omi kíkún.”

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tí ń ka gbogbo ọdún tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

“Olùkọ́,” ni ó wí. Ó gbá ẹ̀gbẹ́ mi rọra, ó sì ní kí n wá gbé àpótí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi padà. N kò sọ pé a ń sáré mọ́. Ìyá àgbà gba okùn lọ́wọ́ mi ní èbúté àkọ́kọ́, kò sì dá a padà. Níbi gbogbo tí a bá dé, òun ni ó ń so ó, yóò wo omi, yóò wo òpó, yóò fi sílẹ̀ gígùn. Àwọn méjèèjì pín abẹ́ òrùlé bí wọ́n ti pín in nígbà èwe wọn, ẹ̀gbọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún, àbúrò ní òsì, ẹrù láàárín wọn. Èmi ń wa ọkọ̀. Gbogbo ará odò ń pè, ìyá àgbà ń dáhùn, ó ń sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé ilé ti lọ, àwọn náà á ká ọwọ́ lérí, á sì fún wa ní ẹja.

Mo ti kun yàrá kan sílẹ̀ fún un ní Ìgbókọ̀dá. Mo ra fóòmù tuntun síbẹ̀, mo gbé kọ́tìnnì kọ́. Nígbà tí a gúnlẹ̀, mo gbé àga kan lé orí, mo ní kí á máa lọ.

“Fi í síbẹ̀,” ni ìyá àgbà wí. Ó ti ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sábẹ́ òrùlé.

“Iye Àgbà, a ti dé ilé.”

“Mo mọ̀. Ulí tí mo lè tú okùn rẹ̀ ni mo fẹ́.”

Mo rò pé ọjọ́ kan ni, pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá mi gbé ìrọ̀rí rẹ̀ kọjá níwájú mi, ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Àwọn adìyẹ ni ó ń sùn nínú yàrá tí mo kùn báyìí. Mo lé wọn títí, ó sú mi.

Ilé ẹ̀kọ́ ti wọlé padà. Bí mo bá dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi á wú, ohùn mi á ti lọ, síbẹ̀ n kì í gbé àpò sílẹ̀ kí n tó lọ wo omi. Ìyá àgbà ti fún mi ní okùn náà padà. Ó ní ọwọ́ òun kò gbé e mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá òpó, mo máa ń tú u, mo sì máa ń tún un so. Lábẹ́ òrùlé, ìyá mi á máa béèrè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa dáhùn, bí wọ́n ti ń ṣe ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

“Yàrá aba ńkọ́?”

“Mo gbá a. Mo ṣí fèrèsé rẹ̀.”

“Èyí tó kọjú sí òkun?”

“Òun náà. Atẹ́gùn wọlé dáadáa. Wo bá rí i.”

Lẹ́yìn náà ohùn ìyá àgbà á jáde sí mi: “Olùkọ́, wo fi gígùn sílẹ̀?”

“Mo fi gígùn sílẹ̀, Iye Àgbà,” ni mo máa ń dáhùn, n ó sì tún tú kókó kan, kí okùn lè gùn sí i.